Olómi Òwúrọ̀ ní Ìfọ́n

Ìlú tí gbogbo ará ilé wa ń pè ní ilé ni mo ti lọ ṣe àtìpó. Tàmálè ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ ibẹ̀ ní Gólúkóòsì. Ìlobù ni bàbá àti ìyá mi ti wá, ṣùgbọ́n èmi kò fojú kan Ìlobù rí títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní yàrá wa ní Tàmálè, bí wọ́n bá ti ní "ilé", Ìlobù ni. Iṣu ilé ló dùn. Omi ilé ló tutù. Òjò ilé kì í pa ènìyàn lára. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé òkè ibìkan ni ilé yìí wà, pé àkàbà ni wọ́n fi ń gun ibẹ̀.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí wọ́n tó ní ó tó. Lẹ́yìn náà mo jókòó ti ìyá mi nídìí maṣíìnì. Aṣọ ọmọdé ló ń rán. Èmi ni mo ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún un, nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín àwa méjèèjì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi rí i pé bí àlejò bá ti wọlé, ẹ̀yìn àwọn aṣọ tí a fi kọ́ ni mò ń sá lọ. Ó ní mi ò mọ ìkíni, pé àjò ti ba ọmọ òun jẹ́. Ó ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n òun, Bàbá Ràímì, ní Ìlobù, kí n kọ́ ìwà ilé. Ọjọ́ tí Bàbá Ràímì bá ní kí wọ́n kọ lẹ́tà pé mo ti kọ́ ọ, ọjọ́ náà ni kí n máa padà bọ̀. Kí n tó lọ, mo fi òwú bọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé fún un, mo sì tò wọ́n sára tìmùtìmù.

Mi ò ní sọ ti ìrìn náà. Eruku ni, ọjọ́ sì pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ìlobù ni pé ìkíni kan kò tó. Ní Tàmálè, bí mo bá ti kúnlẹ̀ tí mo ní ẹ káàárọ̀, ó parí. Ní Ìlobù, ẹni tó jókòó ní tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀. Ẹni tó ń ti oko bọ̀, ẹni tí òjò pa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín, olúkúlùkù ló ní ọ̀rọ̀ tó ń retí lẹ́nu ẹni. Ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè ti ẹnu mi jáde. Kí n tó rántí èyí tó yẹ, ẹni náà ti kọjá lọ, ó sì ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ta ló bí mi.

Lọ́jọ́ kan mo bá obìnrin méjì lábẹ́ igi, ọ̀kan ń dirun fún èkejì. Mo kúnlẹ̀. Ojú gbooro ni à ń kí onídìrí, àrẹ̀dú ni à ń kí aláró. Èyí tó jáde lẹ́nu mi ni àrẹ̀dú. Ẹni tí wọ́n ń dirun fún gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ gbà mí o, ọkọ mi Gólúkóòsì fẹ́ rẹ irun mi láró." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé ń pè mí, nítorí ọmọ ọkọ wọn ni mí, wọn kò sì rí orúkọ mìíràn fún mi. Kí n tó délé, ìtàn náà ti débẹ̀ ṣáájú mi. Bàbá Ràímì kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ebè tí nǹkan kò hù lórí rẹ̀.

Mò ń pọn omi, mò ń gbálẹ̀, mò ń bá wọn ṣa òwú. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń lọ dúró létí títì tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí n máa wo àwọn mọ́tò tó ń kọjá lọ sí apá òkè. Kò sí ọ̀nà tí mo lè fi gbọ́ ohùn ìyá mi. Tẹlifóònù kan wà ní Òṣogbo, wọ́n ní inú ọ́fíìsì ló wà, ta ni mo sì fẹ́ pè nínú ilé wa ní Tàmálè? Lẹ́tà ni. Àwọn olóbì, tí mọ́tò wọn ń ná ọ̀nà Gólúkóòsì, ló ń bá wa mú un lọ, oṣù méjì kí èsì tó dé. Lẹ́tà bàbá mi a máa fi ìkíni kún ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò kọ ọ́ pé, "Ìyá rẹ ní kí n kí ọ." Mo máa ń fi ìka bo gbogbo ìyókù, kí n ka ìyẹn nìkan.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ìdákẹ́jẹ́ mi kò ni lára ni ìyá bàbá mi. Ìyá Ìfọ́n ni wọ́n ń pè é. Ìfọ́n, ìlú tí kò jìnnà sí wa rárá, ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Ìlobù. Ó ti lo àádọ́ta ọdún nílé wa. Ó bí ọmọ mẹ́fà síbẹ̀, ó sin ọkọ síbẹ̀. Síbẹ̀, Ìyá Ìfọ́n ni. Nígbà tí àríyànjiyàn ilẹ̀ bá tún dé láàárín ìlú méjèèjì, àwọn ọkùnrin ilé a rẹ ohùn sílẹ̀ bí ó bá ń kọjá, àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀yìn pọ̀n. Ó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà àárín, a máa ran òwú, a sì máa fi ohùn wẹ́lẹ́ ki ara rẹ̀: Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́ ọmọ Olúfọ́n. Mo bi í nígbà kan bóyá àárò ilé ń sọ ọ́. Ó ní kì í sọ òun, òun kàn máa ń jí níbẹ̀ láràárọ̀ kí òun tó la ojú.

Èmi náà ń jí ní Tàmálè. Ó kàn ti pẹ́ nínú rẹ̀ jù mí lọ ni.

Ní oṣù kọkànlá tí mo dé, lẹ́tà kan dé. Bàbá mi kọ ọ́ pé ìyá mi ti rán apá méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ ọmọdé, kò sì mọ̀ títí ìyá ọmọ náà fi wá gbà á.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni tíṣà àgbà ilé-ìwé wá bá Bàbá Ràímì. Òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀, arúgbó ni àwọn méjèèjì, wà ní Òṣogbo. Wọ́n fẹ́ rí àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ ní Ìlobù àti Ìfọ́n, wọ́n sì fẹ́ rí bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá àwọn ènìyàn. Ibà ti gbé ẹni tí ìbá ṣe ògbufọ̀ fún wọn dè. Tíṣà gbọ́ pé ọmọ kan wà nílé wa tó gbọ́ èdè òyìnbó.

Bàbá Ràímì wò mí pẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ méjì ni. Mú wọn rìn, kí gbogbo ẹni tó yẹ kí o kí, má sì jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí. Bí o bá ṣe é tó dára, màá ní kí tíṣà kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ pé kí o máa bọ̀."

Mo bi í pé bí kò bá dára ńkọ́.

"A jẹ́ pé a ó ṣì máa kọ́ ọ lọ."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, bí mo ṣe ń gbálẹ̀, bí mo ṣe ń pọn omi, ìkíni ni mò ń kà lábẹ́ ètè. Mo kí igi, mo kí ewúrẹ́.

Wọ́n dé kí ojúmọ́ tó là tán. Kùrukùru bo Ìlobù débi pé orí páànù nìkan ló hàn, tí wọ́n léfòó bí ẹni pé omi ni ìlú wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó òyìnbó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó béèrè ohùn tí òun ń gbọ́. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ: ìgbálẹ̀ ni. Gbogbo ilé ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ nínú kùrukùru, a kò rí ẹnì kankan, àfi ìró ìgbálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Oṣù mọ́kànlá ni mo ti wà nínú ìró yẹn, n kò gbọ́ ọ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òwúrọ̀ náà rí. Wọ́n ń bi mí ní nǹkan, mo sì ń rí i nígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Ládánì pe ìrun, àwọn bàbá jáde pẹ̀lú búútà omi lọ́wọ́, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ wọn lórí òkúta. Ọmọ kéwú jókòó yí iná ká pẹ̀lú wàláà wọn. Èéfín àkàrà gba inú kùrukùru kọjá. Alágbẹ̀dẹ ń fín ẹwìrì. Àwọn àgbẹ̀ ń lọ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, wọn kò lè dáhùn ìkíni mi dáadáa, wọ́n ń mi orí. Mo kí aláró ní ti aláró, mo kí onídìrí ní ti onídìrí. Obìnrin tó sọ pé mo fẹ́ rẹ irun òun láró ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ó sọ fún ìyàwó ilé mìíràn pé, "Ẹ wo ọkọ mi. Ó ti dẹni tí ń mú òyìnbó rìn."

Nílé òrìṣà Ẹ̀rìnlẹ̀, bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún wa. Ó ṣókùnkùn, ó tutù. Àwọn ìkòkò wà nílẹ̀, omi odò wà nínú wọn, òkúta odò sì wà nísàlẹ̀ omi náà. Ọ̀pá irin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹyẹ irin wà ní orí rẹ̀. Bàbá náà sọ ìtàn Ẹ̀rìnlẹ̀ fún wa, ó gùn, ó sì dùn. Èdè òyìnbó tèmi kò gùn tó o. Mo sọ fún wọn pé ọdẹ ni, ó sì di odò. Ìyàwó òyìnbó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo òkúta inú omi náà. Ó dà bí ẹni pé ohun tí mo sọ ti tó o.

"Ìlú wa" ni mò ń wí fún wọn ní gbogbo ọjọ́ náà. Ìlú wa rèé, ọjà wa rèé, odò wa wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń bi mí bí ẹni tó ni ilé. Wọn kò mọ̀ pé àlejò mẹ́ta ni wá, pé èmi kàn ni mo rìn síwájú.

Ní ọjọ́ kejì, mọ́tò wọn gbé wa lọ sí Ìfọ́n. A sọ̀ lẹ́bàá ìlú, a fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Ìyá Ìfọ́n ti sọ fún mi pé ilé Òrìṣà wà níbẹ̀, pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló funfun, pé àwọn tó ni ín kì í mu ẹmu, oúnjẹ òrìṣà kò sì gbọdọ̀ ní iyọ̀. Kò sọ ju ìyẹn lọ, n kò sì mọ ohun tí ìbá tún yẹ kí n bi í.

Ìrì pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ agogo kékeré kan níwájú wa, kín-ín, kín-ín. Ní Tàmálè, ẹni tó ní nǹkan láti tà ló ń lu irú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jáde láti inú kùrukùru, ó wọ aṣọ funfun, ó ru òrù, ìkòkò kékeré ọlọ́rùn tóóró, ó sì di agogo náà mú ní ọwọ́ òsì. Àwọn ènìyàn tó wà lójú ọ̀nà yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé nítorí ẹrù orí rẹ̀ ni.

Mo kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà gan-an. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ẹrù o."

Kò dáhùn. Ó mi agogo náà kíkankíkan. Mo rántí Bàbá Ràímì, mo rántí lẹ́tà. Mo rò pé etí ìyá náà ló di. Mo gbé ohùn sókè bí n kò ṣe gbé e rí láyé mi, mo kí i, mo bi í bí wọ́n ṣe sùn, mo bi í bí àwọn ará ilé ṣe jí, mo dìde, mo sì na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀ ọ́, mà." Ọwọ́ mi kan ìkòkò náà.

Ìyá náà dúró. Ó gbé òrù kúrò lórí, ó rọra da gbogbo omi inú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó la ẹnu.

"Ọmọ ta nìyí?"

Àwọn tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dé. Wọ́n sọ ohun tí mo ṣe fún mi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Omi òrìṣà ni. Kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ń pọn ọ́n. Ẹni tó ru ú kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí i, nítorí náà ni agogo fi wà. Omi tí wọ́n bá ti kí ti bàjẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìfọ́n mọ̀ ọ́n.

"Ará Ìlobù ni," ni àgbẹ̀ kan tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká wí. "Mo rí mọ́tò wọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀. Ilẹ̀ wa kò tó wọn mọ́, omi òrìṣà ló kàn."

"Wọ́n tiẹ̀ mú òyìnbó dání," ni ẹlòmíràn wí, "kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí."

Òyìnbó ń bi mí pé kí ló dé.

Ìyá tó ru omi, Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é, ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ibo ni ọ́?"

Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí ní Ìlobù, ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n sì fi bi mí ní Tàmálè. Bí mo bá ní ọmọ Ìlobù ni mí, ìjà ni. Bí mo bá ní Tàmálè, ta ló mọ ibẹ̀? Mo ní, "Ìyá Ìfọ́n ló bí bàbá mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ náà ní, "Ìyá Ìfọ́n wo? Gbogbo ìyá tó wà níbí, Ìyá Ìfọ́n ni."

"Àṣàkẹ́," ni mo wí.

Ìyá Olómi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Àṣàkẹ́ tí a jọ ń pọn omi yìí, kí wọ́n tó gbé e níyàwó lọ sÍlobù?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀.

Ó sọ bí ọ̀ràn náà ṣe máa lọ. Ẹni tó bá ba omi jẹ́ ni yóò ru ú. Yóò ru ú ní òwúrọ̀ mẹ́tàdínlógún, títí ọjọ́ ìpàdé ńlá òrìṣà yóò fi tún padà, kí gbogbo ìlú lè rí i pé kì í ṣe àbùkù ni ó wá fi kan wọn. Òní ni ìkínní. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò bímọ mọ́ tàbí ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin nìkan ló lè ru ú. Ó bi mí ní ìbéèrè náà níbẹ̀, láàárín títì, lójú àgbẹ̀ ọlọ́kọ́. Mo mi orí pé n kò tíì mọ ọkùnrin. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí kùrukùru gbé mi mì.

Wọ́n ró aṣọ funfun mọ́ mi. Ìyá Olómi mú mi lọ sí ìsun kan nínú igbó kékeré nísàlẹ̀ ìlú. Ó bu omi náà, ó gbé e rù mí, ó fi agogo sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn òyìnbó, ó fi ìka lé ètè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ilé òrìṣà, n kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wọn mọ́. Ìyàwó òyìnbó bọ́ bàtà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà bọ́ tirẹ̀. Mo ń lọ, wọ́n ń tẹ̀ lé mi.

Bí mo bá sọ pé mo rìn, irọ́ ni. Ọ̀nà ló ń kọjá lábẹ́ mi. Omi ń mì jẹ́jẹ́ lórí mi, òtútù rẹ̀ ń gba ara òrù bọ́ sí orí mi. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ agogo á yà, á bẹ̀rẹ̀, á wo ilẹ̀. Àwọn ìyá, àwọn bàbá, àgbẹ̀ tó bú mi pàápàá. Kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnu mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gba àárín ìgboro kọjá tí ohun tí mo jẹ́ sì tó. Adìyẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Ẹnì kan ń fẹ́ iná. Mo rí obìnrin kan tó gbé ọmọ lé ojúgun rẹ̀ tó ń fi omi wẹ̀ ẹ́, ó dá ọwọ́ dúró, omi ń kán lára ọmọ náà títí mo fi kọjá.

Nínú ilé Òrìṣà, ògiri funfun, ilẹ̀ funfun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní òórùn ẹfun. Wọ́n gba omi náà lórí mi. Wọ́n bu díẹ̀ díẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ, fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n bu tirẹ̀ fún ìyàwó òyìnbó nínú ahá kékeré kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kámẹ́rà wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀. Kò gbé e sókè.

Bàbá Ràímì kò rí i bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni, ìlà àkọ́kọ́ ló ń dúró ní mọ́sáláásí. Ó ní òun rán mi níṣẹ́ ìtumọ̀, mo lọ di olómi òrìṣà. Ó sì ní oko òun wà ní ẹ̀bá ààlà, pé ẹnu àwọn ará Ìfọ́n ni òun ń gbọ́ ṣáájú ẹyẹ ní gbogbo òwúrọ̀. Ìyá Ìfọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Òun nìkan ló ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Búsàrí, ta ló bí ọ?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tún di ẹ̀yìn ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Mo lọ gbé lọ́dọ̀ Ìyá Olómi. Òwúrọ̀ kan ń tẹ̀ lé òmíràn, n kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra mọ́. Ní ọ̀sán, àwọn ará Ìfọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí èmi ṣáájú. Àgbẹ̀ ọlọ́kọ́ ju iṣu kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní ó wúwo lórí òun ni. Àwọn ìkíni tí mo ti kọ́ wá ń jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bóyá nítorí pé wọ́n ti sinmi ní àárọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Bàbá Ràímì dé sí Ìfọ́n. Ó mú lẹ́tà dání, ó ní kí n kà á fún ara mi. Dókítà kan ní Kùmásí fẹ́ wo ojú ìyá mi. Ọjọ́ ti wà nílẹ̀. Ìyá mi ní òun kò ní lọ. Ó ní àfi bí èmi bá di òun lọ́wọ́ mú.

Mọ́tò àwọn olóbì ń lọ ní òwúrọ̀ ọ̀túnla. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò yóò ba ọ̀nà òkè jẹ́, kò sí òmíràn fún oṣù mẹ́ta.

Bàbá Ràímì jókòó sórí àpótí, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. N kò rí i kí ó wá ọ̀rọ̀ tì rí. Ó ní, "O ti tó ó padà. Mo ti sọ fún tíṣà kí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi omi wọn sílẹ̀ lágbedeméjì, wọn ò ní sọ pé ará Gólúkóòsì ló ṣe é. Mi ò lè ní kí o lọ, mi ò sì lè ní kí o má lọ."

Mo wo Ìyá Olómi. Ó ní òun kọ́ ló ṣe òfin, eékún òun kò sì fẹ́ gbé òun dé ìsun mọ́, ohun tó jẹ́ kí òun dúpẹ́ nígbà tí mo ba omi jẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun wí bẹ́ẹ̀.

Mo sunkún ní ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní àárọ̀. Ní àárọ̀ mo ru omi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo rí Ìyá Ìfọ́n tó ń bọ̀ lójú títì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ìlobù. Ẹní wà lórí rẹ̀, ìránwú rẹ̀ wà nínú ẹní náà. Bàbá Ràímì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun gbà á, kò gbà fún un. Nígbà tó dé, òun àti Ìyá Olómi wo ara wọn. Wọn kò tíì di ìyá arúgbó nígbà tí wọ́n rí ara wọn kẹ́yìn.

"Àṣàkẹ́."

"Èmi ni."

Ó yà sílé, ó sọ ẹní kalẹ̀, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ó ní ìjìyà ọmọ ọmọ òun, ti òun ni. Ó ní òun kì í bímọ mọ́, òun sì mọ ọ̀nà ìsun. Bàbá Ràímì ní, "Ìyá, ẹ ti dàgbà jù. Ilé yín wà ní Ìlobù."

Ó jókòó. "Àádọ́ta ọdún ni mo fi jẹ́ Ìyá Ìfọ́n nílé yín, Búsàrí. N kò ráhùn rí. Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹ́ Àṣàkẹ́ níbì kan kí n tó kú."

Bàbá Ràímì dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà ọkùnrin, lórí ilẹ̀pa, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ìyá Olómi fi agogo lé e lọ́wọ́, èmi sì bá Bàbá Ràímì padà sí Ìlobù nírọ̀lẹ́. Mọ́tò olóbì gbéra níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Orí àpò obì ni mo jókòó sí, pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì tó ń lọ sí Kùmásí. Bí a ṣe wọ Ìfọ́n, kùrukùru wà níbẹ̀, dírẹ́bà ń fi pẹ̀lẹ́ wa ọkọ̀. A gbọ́ agogo. Kò sí ẹni tó sọ fún un, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi dá ọ̀rọ̀ dúró.

Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ó ń bọ̀ láti ọ̀nà ìsun, aṣọ rẹ̀ funfun, òrù dúró ṣinṣin lórí rẹ̀. Ó kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní Ìlobù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Ó ń rìn bí ọmọbìnrin tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á ṣe. Gbogbo ìkíni tí mo kọ́ ní Ìlobù kún ẹnu mi: ó dàárọ̀, ó dìgbà, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú mi. Mo kúnlẹ̀ sínú ìrì, mo wo ilẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọjá níwájú mi. Kò yára sí i, kò sì falẹ̀.

N kò kí i.